Píkọ́ọ̀pù 4x4 fún ọ̀nà ẹrẹ̀ àti omi: èwo ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi ṣe?

Arìnnàkore

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Píkọ́ọ̀pù 4x4 onídísẹ̀lì ni mo fẹ́ tún ṣe. Iwájú rẹ̀ jẹ́ independent (táyà kọ̀ọ̀kan ń dá gbéra), ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ leaf spring (spring onírin pẹlẹbẹ), táyà rẹ̀ sì jẹ́ 265/70R16. Ẹrẹ̀, iyanrìn àti odò kéékèèké tí omi wọn ń dé orúnkún ló máa ń gbà kọjá.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n gbé e sókè ní 50 mm, kí n ki táyà ńlá sí i, kí n fi snorkel (ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè) sí i, kí n fi iná méjì kún iwájú, kí n sì gbé bátìrì kejì sí i nítorí fíríìjì tó máa wà lẹ́yìn. Mo ní sùpáná pípé, díríìlì, mítà àti jáàkì méjì. Mi ò ní ẹ̀rọ ìjórin. Mi ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, torí náà, èwo ló yẹ kó ṣáájú? Kí ló sì máa ń bàjẹ́ nínú wọn? Ẹ má bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún mi o. Iye mm, iye áńpù, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Sùpáná14

Ẹ ǹlẹ́ o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, ẹ ò dárúkọ èyí tó yẹ kó ṣáájú: breather, ihò kékeré tí àwọn àpótí gíà ọkọ̀ fi ń mí. Bí ẹ bá fẹ́ máa wọ odò, òun ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó ronú kan snorkel.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Diff (àpótí gíà tó ń pín agbára sí táyà ọ̀tún àti òsì) tó ti sáré dáadáa máa ń gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì wú. Gbàrà tó bá wọnú omi tútù, afẹ́fẹ́ yẹn á sún kì. Bí ó bá já láti 80°C sí 25°C, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ ló sún kì yẹn, diff á sì máa fa nǹkan mọ́ra láti ìta. Bí breather bá wà lábẹ́ omi, ó di omi mímu fún un. Bí ẹrẹ̀ bá sì ti dí breather pa, ojú oil seal (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró) ni omi máa gbà wọlé. Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu nìyẹn. Ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan, títí bíárínì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í han.

Ibi mẹ́rin ni kí ẹ wò: diff iwájú, diff ẹ̀yìn, gíábọ́ọ̀sì, àti transfer case (èyí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn). Lára ọkọ̀ mìíràn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fa ti gíábọ́ọ̀sì àti ti iwájú dé òkè. Ti ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ pẹ̀lú fìlà kékeré lórí àkísù.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ ibẹ̀ mọ́ kí ẹ tó tú u, torí iyanrìn tó bá já sínú ihò yẹn, inú ọ́ìlì ló ń lọ. Ẹ tú breather, kí ẹ sì mọ thread (ẹyín ìdè) rẹ̀ dájú kí ẹ tó ra ẹnu hóòsì tó máa rọ́pò rẹ̀. Irú thread tí wọ́n ń pè ní 1/8 BSPT ní ẹyín 28 nínú íǹṣì kan, irú 1/8 NPT ní 27. Wọ́n jọra débi pé èyí tí kò bá a mu á wọlé yípo méjì kó tó há. Ẹni tó bá fipá dè é á fọ́ ihò náà. Bí ẹ bá fọwọ́ lásán yí i tí kò wọlé dé ìdajì, ẹ bọ́ ọ, kì í ṣe òun.

Hóòsì onínitrile tó gba ọ́ìlì, inú rẹ̀ 8 mm, ni kí ẹ lò. Mítà mẹ́wàá máa ń tó ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi ọkọ̀ tó dúró lórí ilẹ̀ wọn hóòsì ẹ̀yìn. Ẹ jáàkì ṣáásì sókè títí táyà ẹ̀yìn á fi so rọ̀ pátápátá, ẹ gbé ṣáásì lé stand, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí àkísù bá ju sílẹ̀ nínú kòtò tí hóòsì sì kúrú, ó máa yọ lẹ́nu ibi tí ẹ dè é mọ́. Ẹ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ hóòsì bíréèkì lọ sórí ṣáásì, kó jìnnà sí sàlẹ́ńsà ní 10 cm ó kéré tán, kó má sì sún mọ́ propeller (ọ̀pá tó ń yí lọ sí diff). Láti orí ṣáásì, kó máa gòkè ni o. Ibi tó bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀, ọ́ìlì àti ìrì á kó jọ síbẹ̀, á sì dí i.

Òpin rẹ̀ á wà lókè nínú ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti so. Ẹ fi fílítà epo kékeré sí ẹnu rẹ̀, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ẹ má fi ẹ̀yà tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo síbẹ̀. Hóòsì náà gbọ́dọ̀ máa mí síta, kó sì máa mí wọlé.

Lẹ́yìn odò tó jìn, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kí ẹ tó tú bóòtù ìsàlẹ̀ diff díẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ yọ bí ó bá wà níbẹ̀. Bí ọ́ìlì bá sì ti funfun, ẹ dà á nù, kí ẹ da tuntun sí i, kí ẹ wakọ̀ díẹ̀, kí ẹ tún dà á nù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdànù kan ṣoṣo kì í kó omi tán nínú ihò àkísù.

WáyàPupa

Ọ̀gá Sùpáná ti sọ ti omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, torí wáyà tí wọ́n ṣe kámikàmi ló ń jó ọkọ̀.

Iná hálójìn méjì, 55 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 110 wáàtì. Ní 12 fóólítì, ó lé díẹ̀ ní 9 áńpù. Súìṣì dáṣíbọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ gbé e. Ríléè (súìṣì tí iná kékeré ń tan) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, 30 áńpù, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láti bátìrì, wáyà 2.5 mm² á wọ fíúùsì 15 áńpù, á lọ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lára ríléè. Ẹsẹ̀ 87 á lọ sí iná. 85 àti 86 ni kóìlì, wọn kì í gbà ju nǹkan bí 0.2 áńpù lọ, wáyà tín-ín-rín sì tó wọn.

Fíúùsì yẹn, kó má jìnnà sí bátìrì ju 20 cm lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ríléè torí ibẹ̀ rọrùn láti dé. Ṣùgbọ́n fíúùsì kì í ṣọ́ iná, wáyà ló ń ṣọ́. Gbogbo gígùn wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúùsì kò ní olùṣọ́. Bí etí irin bá gé e níbẹ̀, títí á fi pọ́n bí ẹ̀yin iná ni bátìrì á máa tì í.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni wáyà àmì tí wọ́n ń mú láti fúù láìtì (iná iwájú tó ń tàn jìnnà) láti fi tan ríléè. Àwọn ọkọ̀ kan ń fi nẹ́gẹ́tíìfù tan iná iwájú, ọ̀pọ̀ Toyota sì wà nínú wọn: pósítíìfù wà lójú gílóòbù nígbà gbogbo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni súìṣì ń so mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá mú wáyà kan níbẹ̀ tí ẹ sì fi ẹsẹ̀ kejì kóìlì so mọ́ ṣáásì bí ìwé inú páálí ṣe wí, iná lè máa tàn ní òdì, tàbí kó má tàn rárá. Ẹ fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gé nǹkan kan. Ẹ fi ìka dúdú mítà sí ṣáásì, ẹ fi pupa sí ojú wáyà fúù láìtì, kí ẹnì kan máa tan án kó sì máa pa á. Bí 12 fóólítì bá yọ nígbà tó tan nìkan, pósítíìfù ni. Bí 12 bá wà níbẹ̀ nígbà tí iná kú, tó sì já sí òdo nígbà tó tàn, nẹ́gẹ́tíìfù ni. Tó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kóìlì kan lọ sí wáyà yẹn, kí ẹ gbé èkejì lọ sí pósítíìfù tó ní fíúùsì kékeré, kó jẹ́ èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tan.

Ẹ tún ṣọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, ẹ de ojú wáyà mọ́ ọn pẹ̀lú wáṣà eléyín, kí ẹ tó fi ọ̀dà tàbí gírísì bò ó lórí. Bí 10% fóólítì bá ṣòfò lọ́nà, nǹkan bí 30% ìmọ́lẹ̀ hálójìn ló bá a lọ.

Arìnnàkore

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Breather ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Wọ́n ní spacer (irin tí wọ́n ń fi kún ẹsẹ̀ ọkọ̀) ló rọrùn jù fún gbígbé iwájú sókè, pé wákàtí mélòó kan ti tó. Ṣé òótọ́ ni? Èkejì: fíríìjì náà ń gba 5 áńpù, yóò sì jìnnà sí bátìrì ní mítà 6. Bátìrì kejì, AGM (irú bátìrì tí wọ́n sé pa) 100 Ah (áńpù-wákàtí), ni mo fẹ́ gbé sínú ẹ́ńjìnnì. Ṣé wáyà 2.5 mm² yẹn náà tó o?

ÌyáOníjáàkì

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti spacer. Ó rọrùn láti fi sí i, òótọ́ ni, òun gan-an sì ni mi ò fẹ́. Èyí tó máa ń wà lórí strut (spring àti shock absorber tó wà pọ̀), 25 mm rẹ̀ ń gbé iwájú sókè ní nǹkan bí 50 mm, torí strut jókòó sí àárín apá ìsàlẹ̀, kò sí ní ẹnu táyà. Ṣùgbọ́n kò sọ strut di gígùn, ńṣe ló tì í sísàlẹ̀. Nígbà tí táyà bá so rọ̀ nínú kòtò, CV joint (oríkèé ọ̀pá tó ń yí táyà iwájú) á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà rẹ̀ á ya, ball joint òkè (oríkèé tó so apá òkè mọ́ ẹnu táyà) á sì máa forí sọ irin. Spring tó gùn tàbí tó le jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí shock absorber rẹ̀ kò gùn jù, ń gbé ọkọ̀ sókè láìfi kún bí táyà ṣe lè so rọ̀ tó. Òun ni kí ẹ rà. Kí ẹ má sì lọ ju 50 mm lọ lórí independent.

Ẹ má fi kílámù olókùn-irin tú spring yẹn nílé. Spring tó ti fún mọ́ra lè pani. Ẹ yọ strut odindi, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tí wọ́n dè mọ́ ògiri. Ìyókù iṣẹ́ náà, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é.

Ohun tó máa ń ba búùṣì (ìdè onírọ́bà tó wà ní ìpẹ̀kun apá) jẹ́ ni pé àwọn ènìyàn ń dè é le nígbà tí táyà so rọ̀. Ẹ kàn dè é díẹ̀, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í lọ tì í bọ̀ kó jókòó, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó dè é le. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà inú búùṣì á wà ní yíyí nígbà gbogbo, á sì fà ya láìpẹ́.

Lẹ́yìn, ẹ má lo U-bolt (bóòtù tó di leaf spring mọ́ àkísù) àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ti fà. Ẹ dè wọ́n ní agbelébùú, díẹ̀díẹ̀, títí dé iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Lẹ́yìn 500 km, ẹ padà dè wọ́n. Ẹ wo òkè diff ẹ̀yìn náà: bí ọ̀pá kékeré kan bá so àkísù pọ̀ mọ́ ẹ̀yà bíréèkì kan lórí ṣáásì, òun ló ń wọn ẹrù. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láìtún ọ̀pá yẹn ṣe, ó máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. Ẹ gbé bráákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó wà lórí àkísù sókè bá a mu. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, alignment, àti títẹ ojú iná iwájú wálẹ̀, kí ẹ má máa fọ́ àwọn ènìyàn lójú.

Ní ti táyà, ẹ ṣírò kí ẹ tó rà. 265/70R16 ga ní 777 mm, 265/75R16 ga ní 804. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ni abẹ́ diff ẹ̀yìn fi ń ga sí i: 13 mm péré. Bí ẹ bá lọ sí 285/75R16, tó ga ní 834, ẹ rí 28 mm, ṣùgbọ́n nígbà tí mítà bá sọ 100 km/h, eré yín ti lé ní 107, táyà á sì máa họ ẹ̀yìn ihò rẹ̀ bí ẹ bá yí sítíárì dópin. Ó tún lè má wọ ibi tí táyà ìfirọ́pò wà lábẹ́ ẹ̀yìn. Gbígbé ọkọ̀ sókè ní 50 mm kò sì fi mílímítà kan kún abẹ́ diff ẹ̀yìn. Táyà nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Lójú tèmi, 265/75 tó jẹ́ A/T (táyà gbogbo ọ̀nà) tó fún ohun tí ẹ sọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí àtúnṣe ni afẹ́fẹ́ táyà. Bí 35 psi bá ni ti ojú ọ̀dà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ sí 18 nínú iyanrìn rírọ̀, 22 sí 25 nínú ẹrẹ̀. Ẹ má sáré ju 40 km/h lọ ní 18, ẹ má sì já yípo lójijì. Tó bá ti ń sún mọ́ 15, táyà lè yọ kúrò létí ríìmù. Ẹ ra géèjì tó péye àti ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kí ẹ tó ra spring. Ẹ̀rọ ńlá lè gba 30 áńpù, torí náà orí bátìrì ni kí ẹ so ó mọ́, pẹ̀lú fíúùsì tó wà nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ihò sìgá o.

WáyàPupa

Ní ti fíríìjì: rárá, 2.5 kò tó. Mítà 6 lọ, mítà 6 bọ̀, ó di 12. Nínú 2.5 mm², 5 áńpù á sọ nǹkan bí 0.42 fóólítì nù lọ́nà. Nínú 6 mm², ó kù sí 0.18. Ó dà bí ìyàtọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹnu fíríìjì ni fíríìjì ti ń wọn fóólítì, kì í ṣe ẹnu bátìrì. Bátìrì á ṣì wà ní 12.2, fíríìjì á sì pa ara rẹ̀ lóru nítorí pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.8. Ẹ lo 6 mm², fíúùsì 15 áńpù lẹ́nu bátìrì. Kí ẹ sì béèrè mm², kì í ṣe "6 mm" lásán. Àwọn kan ń wọn aṣọ wáyà mọ́ ọn.

AGM 100 Ah, 50 ni kí ẹ kà sí tiyín, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ ìdajì àkókò ń jẹ 2.5 Ah ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 20 nìyẹn láìtan ẹ́ńjìnnì. Àmọ́, ooru ẹ́ńjìnnì máa ń tètè pa AGM. Ẹ wo ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n fàyè gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí wọn ò bá fàyè gbà á, ẹ gbé e sẹ́yìn, kí ẹ sì dè é dáadáa.

Ohun tó máa so bátìrì méjèèjì pọ̀ dá lórí alternator yín. Ẹ wakọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fi mítà wọn bátìrì. Bí ó bá dúró sójú 13.8 sí 14.4, VSR (súìṣì tó ń wo fóólítì kó tó so bátìrì méjì pọ̀) lásán tó: ó ń so wọ́n pọ̀ ní nǹkan bí 13.3, ó sì ń yà wọ́n ní 12.8, kí fíríìjì má bàa mu bátìrì tó ń tan ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ga ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì já sí 12.7 tàbí 13 lẹ́yìn náà, alternator ọlọ́gbọ́n ni. VSR lè máa yà wọ́n tàbí kó má so wọ́n pọ̀, bátìrì kejì kò sì ní kún. DC-DC (ẹ̀rọ tó ń gbé fóólítì sókè kó lè kún bátìrì kejì) 25 áńpù ni kí ẹ rà nígbà náà, pẹ̀lú fíúùsì 40 áńpù níhà ìwọlé. Èyí tó wù kí ẹ lò, wáyà tó lọ láti bátìrì kan sí èkejì gbọ́dọ̀ ní fíúùsì ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Iná wà lápá méjì o. Bí àpótí kékeré kan bá wà lórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì àkọ́kọ́, ẹ so ilẹ̀ ti ìkejì mọ́ ṣáásì, kì í ṣe mọ́ ojú bátìrì, torí àpótí yẹn ló ń ka iye iná tó wọlé tó sì jáde.

Sùpáná14

Ìyá ti sọ gbogbo ohun tó yẹ nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ ẹrẹ̀ kankan, ẹ wo ibi tí wọ́n máa fi okùn fà yín. Ojú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wọ́n fi ń de ọkọ̀ mọ́ orí ọkọ̀ ojú omi ni. Okùn tó ń nà lè já a, á sì fò bí ọta. Ẹ ra ojú irin méjì tí wọ́n ṣe fún fífà, èyí tó wọ ihò ṣáásì yín, bóòtù rẹ̀ 8.8 ó kéré tán, àti ṣákùlù (irin tó ń so okùn mọ́ ojú irin yẹn) 4.75 tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn, ẹ má fi okùn kọ́ bọ́ọ̀lù tírélà láé. Ó ti pa ènìyàn.

Snorkel ló gbẹ̀yìn. Ìwé àwòṣe inú páálí ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ fẹ́ńdà, ẹ fi díríìlì kékeré lu àmì, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ má lu wáyà, kí ẹ tó lo ayùn oníhò. Ẹ kun etí gbogbo ihò ní ọ̀dà. Àwọn tó ń dá a ṣe máa ń gbàgbé pé àpótí fílítà ní ihò kékeré nísàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde. Bí ihò yẹn kò bá ní rọ́bà tó ń pa ẹnu dé, snorkel yín kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ fi silicone sí gbogbo oríkèé, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ bo ẹnu snorkel. Ó yẹ kó kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbòmíràn, ibẹ̀ náà ni omi máa gbà. Omi ò ṣeé tẹ̀ bí afẹ́fẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú sílíńdà lè tẹ conrod (ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kránkì).

Arìnnàkore

Mo dúpẹ́ gan-an, mà, ẹ̀yin ọ̀gá. Mítà mi ń sọ 14.2 lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà VSR ni. Ẹnu hóòsì breather mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé mo lè so wọ́n pọ̀ sí fílítà kan?

Sùpáná14

Diff méjèèjì àti transfer case, bẹ́ẹ̀ ni. Bí gíábọ́ọ̀sì bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ fún un ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọ́ìlì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bá ti diff pàdé. Ẹ kọ orúkọ mọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù, kí ẹ lè mọ èyí tó ń pọ ọ́ìlì jáde.